Òjò Dídì Ká Afeefah Mọ́ Ojú Ọ̀nà

Èmi àti Fáòsíà ti ń jókòó ti ara wa ní ọjà Kotobabi, ní Accra ní Gánà, láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà lẹ́yìn. Ìsọ̀ rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Abọ́ tánganran, bàsíà àti korobá ni òun ń tà. Ìborùn àti òwú ìránṣọ ni èmi ń tà. Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Nima ni wọ́n bí i sí, Nima náà ló sì ń gbé títí di òní. Ọkọ rẹ̀, Àrówólò, ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì ló bí fún un: Nasrullah tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema, àti Afeefah.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé Fáòsíà kì í ṣe ojo. Lọ́dún kan tí omíyalé wọ agboolé wọn ní Nima, òun ló dúró sínú omi tó mù ún dé àyà, tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, tó ń nà wọ́n sókè fún àwọn tó wà lórí òrùlé. Àwọn ọkùnrin ń lọgun, Fáòsíà ń pàṣẹ. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé mo rí ẹ̀rù lójú obìnrin yìí lọ́sàn-án ọjọ́ Àtàlátà kan nínú oṣù Karùn-ún, kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù kékeré.

Afeefah ló dá a sílẹ̀. Ọmọ náà ti lọ sí Kánádà, ó kọ́ iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú kan ní ìlú kékeré kan ní Saskatchewan. Fáòsíà kì í lè pe orúkọ yẹn tán. “Sasika” ló máa ń pè é. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí Afeefah ṣe fi hàn wá lórí fóònù. Kò sí òkè, kò sí igbó. Oko àlìkámà àti pápá màlúù ló lọ salalu títí tí ilẹ̀ fi pàdé ojú ọ̀run. Ìgbà òtútù wọn kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Karùn-ún yìí. Afeefah ti fi àwòrán ránṣẹ́ níbi tó ti wọ bùbá fẹ́lẹ́, tí koríko tútù yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ti yọ táyà ìgbà òtútù kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, òun ti kó bàtà onírun pamọ́. Kò sí ẹni tí Fáòsíà kò fi àwòrán yẹn hàn ní ìlà wa.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, a ti kí ìrun ọ̀sán. Oòrùn mú débi pé korobá ń rọ̀ lójú ìsọ̀. A ń jẹ waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, nínú ewé nígbà tí fóònù Fáòsíà dún, tó rí i pé Afeefah ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Afeefah máa ń pè. Fáòsíà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbé e.

“Màámi, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ má jáyà o.”

Ọmọ tó bá ní kí ìyá òun má jáyà ti já a láyà ná. Fáòsíà dìde lórí àpótí.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí ohun tó ṣe mí. Ọkọ̀ mi ló yọ̀ wọ kòtò. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.”

Ó ṣàlàyé fún wa. Iṣẹ́ òru ló ṣe, ó sì ń lọ sílé ní òwúrọ̀ tiwọn. Òjò lásán ló ń rọ̀ nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́, irú òjò tiwa yìí, ni kò bá kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín pápá, afẹ́fẹ́ yí padà, òjò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ó di bí omi bí òwú, ó wúwo, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì débi pé wáípà kò lè gbá a kúrò mọ́. Táyà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kò lè di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì rọra yọ̀ lọ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn jókòó síbẹ̀.

“Mo ti pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ti ti ọ̀nà pa, ọkọ̀ tó há pọ̀, wáyà iná ti já káàkiri. Wọ́n ní kí n jókòó sínú ọkọ̀, kí n má ṣe fẹsẹ̀ rìn, àwọn á wá bí ọ̀nà bá ti là.”

“Fi ìta hàn mí,” ni Fáòsíà wí.

Afeefah yí fóònù síta. A kò rí nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ọṣẹ kun ojú fèrèsé. Funfun ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń yí. A ń gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fa páànù ya.

“Kí lo wọ̀?”

“Aṣọ iṣẹ́, àti súwẹ́tà kan. Mo ti tan ẹ̀rọ amúgbóná ọkọ̀, ara mi gbóná. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ lo bátìrì mi tán. Wáyà tí mo fi ń gba iná sí fóònù wà nílé.”

“Ṣé kò sí ilé nítòsí tí o lè sáré wọ̀?”

“Màámi, mi ò rí imú ọkọ̀ tí mo jókòó sí.”

Ó pa fóònù. Fáòsíà jókòó, ó wo waakye tó kù, kò jẹ ẹ́ mọ́. Ó ní, “Àjọkẹ́, ṣé ìwọ náà rí i?” Mo ní mo rí i. Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ọkọ̀ gbóná, ìjọba ibẹ̀ kì í ṣeré. Èmi náà kàn ń wí i ni.

Ó ṣe díẹ̀, ó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àwòrán, ohùn nìkan ni. Ohùn náà sì ti fà.

“Màámi... mo ní kí n kí yín ni.”

“Ṣé wọ́n ti dé?”

“Rárá o. Orí ló ń fọ́ mi. Ó ń ṣe mí bí ẹni máa bì.” Ó yán. “Oorun ni. Iṣẹ́ òru yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀, tí wọ́n bá dé, wọn á jí mi.”

Mo rí i tí ojú Fáòsíà pàwọ̀ dà. Mo mọ ohun tó rántí, torí a jọ rí i ni. Nígbà tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège ní Accra, tí gbogbo ìlú ń pariwo dumsor, gẹ́rígẹ́rí kan wà ní agboolé ẹ̀yìn ìsọ̀ wa tó ń jẹ́ Suhaib. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, Suhaib bá wọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sùn. Lówùúrọ̀, èmi àti Fáòsíà wà lára àwọn tó fi èjìká já ilẹ̀kùn. Wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, aṣọ bò wọ́n, ojú wọn dára. Èèyàn lè rò pé bí a bá pè wọ́n, wọn á dáhùn.

Fáòsíà fi ẹnu mọ́ fóònù. “Afeefah! Pa ọkọ̀ yẹn!”

“Hẹn?”

“Mo ní pa á! Pa iná ọkọ̀!”

“Màámi, òtútù á pa mí.” Ó tún yán. “Ẹ jẹ́ kí n sùn.”

“Má sùn! Èéfín ọkọ̀ ló ń wọlé bá ọ!”

“Kò sí èéfín níbí. Mi ò rí èéfín kankan.”

“Èyí tó pa Suhaib, ta ló rí i? Afeefah, ta ló rí i?”

Kò sí ohùn. Afeefah mọ Suhaib. Òun ló máa ń gé irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ń gbọ́ mímí rẹ̀, a sì ń gbọ́ híhùn ọkọ̀ náà lábẹ́ rẹ̀. Fáòsíà ń pe orúkọ ọmọ náà, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró. Lẹ́yìn náà, híhùn yẹn dákẹ́.

“Mo ti pa á,” ni ohùn náà wí.

“Ṣí fèrèsé. Jáde, lọ wo sálẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀, bóyá òjò dídì ti dí i. Di ọkọ̀ mú, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kúrò lára rẹ̀.”

A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń hó, kò sì sí nǹkan mìíràn. Mo ti gbé ayé pẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó burú tó ariwo afẹ́fẹ́ yẹn, tí ìyá ń dúró de ohùn ọmọ nínú rẹ̀. Mutala tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì ti wá. Ọmọ Zongo, àdúgbò àwọn Haúsá, ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa. Ó bi mí pé kí ló dé, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa gbàgà. Afeefah ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Màámi, ó ti bo ẹ̀yìn ọkọ̀ pátá. Sálẹ́ńsà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ.” Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. “Mo bì. Ara mi tutù rinrin.”

“Ṣé ojú rẹ là?”

“Ó là. Màámi, ẹ̀rù ń bà mí.” Ó wá ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. “Fóònù mi ti ń...”

Ó já níbẹ̀. Fáòsíà pè é padà. Kò wọlé. Ó tún pè. Obìnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò sí ẹni náà lórí ìlà.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀sán di ohun tí kò ṣeé rìn já. Mutala gbé fóònù tirẹ̀ jáde, ó wá ìròyìn ibẹ̀. Ó rí i pé òótọ́ ni: ìjì òjò àti òjò dídì bolẹ̀ káàkiri pápá yẹn, òpó iná ṣubú, àwọn tírélà dojú dé sójú títì. Ó na àwòrán ìjì náà sí Fáòsíà kí n tó lè ṣẹ́jú sí i. Fáòsíà wò ó títí. Ó dìde, ó lọ síwájú díẹ̀ síbi tí obìnrin kan ti ń ta omi tútù, ó ṣí kúlà rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín omi dídì tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà ń fi èdè Gá bi í pé kí ló fẹ́ rà. Fáòsíà dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Èmi ni mo fà á jáde.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí ni.” Ó wo ìka rẹ̀. “Àjọkẹ́, kò ṣeé fara dà rárá. Èmi ni mo sì ní kó pa iná ọkọ̀. Bí òtútù bá pa ọmọ yẹn, ta ló pa á? Ṣé èmi kọ́?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á ti wọ inú èmi náà, torí mi ò mọ èyí tó tọ̀nà. Èéfín ń pani, òtútù ń pani, ọmọ wà láàárín méjèèjì, ọwọ́ wa kò sì tó o. Mo pe Nasrullah ní Tema. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì gé fóònù kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní sẹ́yìn ìsọ̀. Fáòsíà forí kanlẹ̀, kò gbé e sókè mọ́. Mo kí tèmi tán, ó ṣì wà nílẹ̀. Mo ń gbọ́ tó ń sọ Yorùbá pọ̀ mọ́ Lárúbáwá, tó ń bẹ Ọlọ́run bí ẹni ń bá èèyàn kan sọ̀rọ̀ nítòsí: “O mọ̀ ọ́n, o rí i, èmi ò rí i. Mi ò rí i, jọ̀wọ́.”

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

Mo gbé e wò. Nọ́ńbà òkè òkun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Afeefah. Mo na án sí i. Fáòsíà rí nọ́ńbà náà, ó fà sẹ́yìn lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

“Má gbé e.”

“Fáòsíà, bóyá—”

“Má gbé e! Àwọn ọlọ́pàá ni. Bí a ò bá gbé e, a ò tíì gbọ́ ọ.”

Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mutala gbọ́ ọ, ó wọlé, ó wo ojú mi, ó wo ojú Fáòsíà, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ohùn ọkùnrin òyìnbó kan ló jáde, ohùn àgbà, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. A gbọ́ tó pe orúkọ Afeefah. Fáòsíà di etí méjèèjì, ó pa ojú dé. Mutala ń sọ pé “yẹ́sì, yẹ́sì,” ojú rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn. Mo fẹ́ gbá a létí.

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú Fáòsíà, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò létí.

“Hajia. Ó wà láàyè. Wọ́n ní ó wà láàyè, ó wà nínú ilé wọn. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.”

“Màámi,” ni Afeefah wí.

Fáòsíà di fóònù mú sí àyà rẹ̀, ohùn ọmọ náà ń pè é láti àyà rẹ̀. Èmi ni mo gbà á, mo ní, “Afeefah, Àǹtí Àjọkẹ́ ni. Ìyá rẹ wà níbí. Jẹ́ kó mí ná.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù já, Afeefah ló sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí òtútù pọ̀ jù, ó tún tan ọkọ̀ díẹ̀, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, ó tún pa á. Kó tó tan án nígbàkígbà, ó ń jáde lọ fi bàtà kó òjò dídì kúrò ní ẹnu sálẹ́ńsà. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ kò ká mọ́, kò lè ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní pípa. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà, torí òun rò pé ó ti tó àkókò. Àgbẹ̀ kan ló rí i. Ìgbà tí màlúù wọn ń bímọ ni ìjì náà já lé wọn lórí, bàbá àgbẹ̀ yìí sì gun katakata jáde láti wá àwọn ọmọ màlúù tó sọnù. Ó rí òrùlé ọkọ̀ tó yọ díẹ̀ nínú funfun, ó rò pé òkúta ni, ó sì rántí pé kò sí òkúta níbẹ̀. Òun ló fọ́ fèrèsé, tó gbé Afeefah sínú katakata, pẹ̀lú ọmọ màlúù kan lẹ́sẹ̀ wọn.

“Màámi, ìdí ààrò ni mo wà báyìí,” ni Afeefah wí. “Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi. Ọmọ màlúù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ilé ìdáná, wọ́n wé òun náà.”

Fáòsíà wá rí ohùn. “Ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

“Ó wú. Mi ò mọ̀ ọ́n lára.”

“Fún mi ní ìyàwó ilé yẹn.”

Obìnrin náà gba fóònù. Fáòsíà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ti ọjà ló gbọ́. Ó sọ “tẹ́ń kiú” títí ó fi bọ́ sórí Yorùbá, ó ń ṣàdúrà fún obìnrin náà, fún ọkọ rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún màlúù rẹ̀. Obìnrin náà ń dáhùn ní èdè tirẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́ èkejì, wọn kò sì dákẹ́.

Ọwọ́ Afeefah padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi ìka ọmọńdinrín òsì tí kò tíì mọ nǹkan lára dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́ nígbà tó yá pé bàbá arúgbó kan kú sínú ọkọ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, kò jìnnà síbi tí òun há sí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá a. Afeefah kò sọ èyí fún ìyá rẹ̀. Èmi ló sọ ọ́ fún, èmi náà kò sì tíì sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àtàlátà yẹn, Nasrullah sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò trotro pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ èbúté lọ́rùn, ó ń sáré, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti sunkún láti Tema dé Kotobabi, kò sì sí ẹni tó lè rí i pè láti sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti yè, torí fóònù rẹ̀ ti kú lọ́nà. Nígbà tí a sọ fún un, ó jókòó sórí korobá tí a dojú dé, ó fi orí lé orúnkún.

A jọ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Nima. Nasrullah gbé ẹrù ìyá rẹ̀ sórí, ó ń lọ níwájú. Nígbà tí a dé etí títì, Fáòsíà dúró. Ọkọ̀ ń kọjá bí wọ́n ṣe máa ń kọjá, àyè sì wà, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sọdá títì yẹn.

“Àjọkẹ́,” ó ní, “di ọwọ́ mi mú.”

Mo di í mú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. A dúró de àwọn ọkọ̀ títí ọ̀nà fi dá pátápátá, a sì sọdá.